Ìka gìtá onípẹ́dà tó dá: ta ló lè gé òmíràn fún mi n'Ádó?

OmoOlosunta (Ìkẹ́rẹ́)
Èkìtì kete o, ẹ kú ilé gbogbo yín. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Mo ní gìtá kan, irú èyí tó máa ń dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́rin bíi tábìlì, tí èèyàn á jókòó sídìí ẹ̀, á máa fi irin fà á lókè, á máa fẹsẹ̀ tẹ pẹ́dà nísàlẹ̀. Steel làwọn onijùjú ń pè é. Ti ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni, Ìlawẹ̀ ni wọ́n ń gbé, àwọn ló ń ta á fún ẹgbẹ́ wọn nígbà tí òde àríyá ṣì máa ń di mọ́jú. Nígbà tí agbára wọn ò gbé e mọ́, wọ́n fi aṣọ àtijọ́ bò ó, wọ́n tì í sí yàrá ẹ̀yìn níbi tí wọ́n ń kó iṣu sí. Bàbá ti relé lọ́dún tó kọjá, àwọn ọmọ wọn ní kí n máa gbé e lọ torí pé èmi ni mo máa ń jókòó tì wọ́n tí wọ́n bá ń ta á.

Okùn mẹ́wàá ló ní, pẹ́dà mẹ́ta, lífà orúnkún méjì. Orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é ti ṣí kúrò lára ẹ̀, ihò sìkúrúù méjì ló kù síbẹ̀. Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ nìyí: lápá ọ̀tún, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ okùn, àwọn irin pẹlẹbẹ kan wà tí wọ́n tò bí eyín, ìka là ń pè wọ́n, okùn kọ̀ọ̀kan ló ní tiẹ̀. Ti okùn karùn-ún ti dá sí méjì. Mo kàn fọwọ́ kàn án ni o, ó já bọ́. Tí mo bá wo ojú ibi tó ti dá, ó rí hóró-hóró bíi ṣúgà, kò jọ irin. Nísàlẹ̀ náà, méjì nínú àwọn apá kékeré tó ń fa rọ́ọ̀dù ti sán. Mo fẹ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà kan ní Bàsírì lọ́la. Kí lẹ rí sí i?

WedaIkole
Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbé e wá jàre, mo ti jó ohun tó kéré jùyẹn lọ. Tó bá jẹ́ irin, ẹlẹ́ẹ̀tíródù á mú un, tó bá jẹ́ àlùmíníọ̀mù, gáàsì la máa fi ṣe é. Kò lè gbà ju wákàtí kan lọ.

BabaOnisteel (Ìjerò)
Ọmọ mi, má gbé e lọ síbì kankan lọ́la. Wẹ́dà, ẹ má bínú sí mi o, mo mọ̀ pé ẹ mọṣẹ́ yín, ṣùgbọ́n ohun tọ́mọ yìí sọ nípa hóró-hóró bíi ṣúgà yẹn ló jẹ́ kí n tètè dáhùn. Síǹkì ni wọ́n yọ́ dà sínú móòdù láti ṣe ìka yẹn, kì í ṣe irin, kì í sì í ṣe àlùmíníọ̀mù. Àlùmíníọ̀mù ò ní yọ́ àfi tó bá dé 660 dígírì. Síǹkì pọ́ńbélé, 419 ló ti ń yọ́, èyí tí wọ́n wá lú mọ́ nǹkan mìíràn ò tiẹ̀ dúró de ìyẹn. Kí iná tó mú ojú ibi tí ẹ fẹ́ lẹ̀, gbogbo ìka yẹn á ti ṣàn sílẹ̀ bí òrí tí oòrùn pa. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí, wẹ́dà tó bá mi ṣe é kì í ṣe ọ̀lẹ, ó gbìyànjú, ṣùgbọ́n níṣojú mi báyìí ni ìka ọ̀hún dọ̀dà nílẹ̀, n ò sì rí nǹkan kan mú lọ fún tọ́nà tó ń gé irin láti fi wọn òmíràn. Ọdún méjì ni gìtá yẹn fi jókòó.

Àìsàn tó wà lára síǹkì àtijọ́ nìyí: tí òjé díẹ̀ bá wà nínú ẹ̀ nígbà tí wọ́n yọ́ ọ, bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, ọ̀rinrin á máa wọ àárín hóró ẹ̀, á máa sán nínú, ojú òde á ṣì máa dán. Ìyẹn ni ò fi le nígbà tó o fọwọ́ kàn án. Kò sí oògùn ẹ̀. Gígé ni kí wọ́n gé òmíràn. Ṣùgbọ́n ègé méjèèjì tó dá yẹn, fi wọ́n sínú ọ̀rá, so ó, kọ nọ́ńbà okùn sí i lára. Òun ni ìwọ̀n ẹ.

Tún wo abẹ́ ẹ̀ fún mi. Ṣé wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ bíi ti bíréèkì kẹ̀kẹ́ ló ń fa àwọn ìka yẹn ni àbí rọ́ọ̀dù gbọnrangandan?

OmoOlosunta
Ẹ ṣé Bàbá, mo dúpẹ́ púpọ̀. Rọ́ọ̀dù ni sà. Gbogbo ẹ̀ ló tò gbalaja lábẹ́ igi.

BabaOnisteel
Ó dáa. Tó bá jẹ́ wáyà ni, ǹ bá sọ pé ilé iṣẹ́ Fender ló ṣe é. Fender 1000 tó jáde lọ́dún 1957, wáyà ló ń lò, ọrùn méjì ló ní, okùn mẹ́jọ mẹ́jọ. Èyí tó jẹ́ rọ́ọ̀dù tó sì ní okùn mẹ́wàá, ilé iṣẹ́ tó ṣe irú ẹ̀ l'Amẹ́ríkà pọ̀, Sho-Bud wà níbẹ̀, Emmons wà níbẹ̀, àwọn mìíràn náà wà. Má jẹ́ kí orúkọ dà ọ́ láàmú. Ohun tá a fẹ́ mọ̀ ni bó ṣe ń ṣiṣẹ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ò mọ̀, ọ̀dọ̀ àwọn olórin káńtírì l'Amẹ́ríkà ni gìtá yìí ti wá. Ọdún 1954 ni Bud Isaacs tẹ pẹ́dà nígbà tí okùn ṣì ń dún lọ́wọ́, tí gbogbo ayé gbọ́ bí ohùn kan ṣe ń gun orí èkejì láìjá, látìgbà náà ni wọ́n ti ń wá a kiri. Sunny Adé ló wá gbé e wọ jùjú. Nígbà tí àwo wọn ti ọdún 1982 jáde lókè òkun, Démọ́lá Adépọ̀jù ló ń ta steel nínú ẹ̀, tó ń sunkún láàárín dùndún àti gìtá. Àwa tá a gbọ́ ọ nígbà yẹn n'Íjerò, oorun ò kùn wá mọ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá ẹ á ti gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ náà.

IyaAkorin (Ọ̀yẹ́)
Ẹ kú iṣẹ́ o Bàbá. Àbúrò, ẹ̀gbọ́n ẹ obìnrin nìyí, mo ń ta steel ní ṣọ́ọ̀ṣì wa láti ọdún mọ́kànlá. Má tú ohunkóhun o. Dojú gìtá yẹn dé sórí mátíráàsì, kó o yà á ní fọ́tò láti òkè, láti ẹ̀gbẹ́, kó o sì yà á níwọ̀nba tí wàá fi lè ka ihò kọ̀ọ̀kan. Ihò yẹn lèmi ń bẹ̀rù jù. Apá kékeré tó o sọ pé ó sán yẹn, bell crank ni wọ́n ń pè é, ihò bíi mẹ́ta mẹ́rin ló máa ń wà lára ẹ̀. Ihò tó jìnnà sí ọ̀pá ìdí ẹ̀ á fa rọ́ọ̀dù púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, pẹ́dà á wá le lẹ́sẹ̀. Èyí tó súnmọ́ ọ̀pá, pẹ́dà á rọ̀, ṣùgbọ́n wàá tẹ̀ ẹ́ jìnnà. Bàbá tó ni ín ti yan ihò tó bá ẹsẹ̀ wọn mu, tó o bá tú u láì kọ ọ́ sílẹ̀, o ti pa ọwọ́ wọn rẹ́ nìyẹn.

Gé tépù funfun, lẹ̀ ẹ́ mọ́ rọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, kọ okùn tó ń fà àti pẹ́dà tó ń fà á sí i.

OmoOlosunta
Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú, kí n tó ka ọ̀rọ̀ yín mo ti yọ rọ́ọ̀dù mẹ́ta. Mo rò pé màá rántí ibi tí wọ́n wà ni. Ara mi ò balẹ̀ báyìí.

IyaAkorin
Kò burú jù, fara balẹ̀. Tó bá jẹ́ ohùn E9 ni wọ́n tò ó sí, bẹ́ẹ̀ ló sì máa ń rí tó bá jẹ́ okùn mẹ́wàá, iṣẹ́ pẹ́dà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta hàn kedere. Láti okùn kìíní sísàlẹ̀: F#, D#, G#, E, B, G#, F#, E, D, B. Pẹ́dà kìíní máa ń gbé B lọ sí C#, ìyẹn okùn karùn-ún àti ìkẹwàá. Ìkejì máa ń gbé G# lọ sí A, okùn kẹta àti ìkẹfà. Ìkẹta á gbé okùn kẹrin láti E lọ sí F#, á sì gbé okùn karùn-ún lọ sí C# pẹ̀lú. Torí náà okùn karùn-ún nìkan ló ní rọ́ọ̀dù pẹ́dà méjì. Rọ́ọ̀dù tó o yọ, wo èyí tí àmì fífún sìkúrúù wà lára ẹ̀, fi gígùn ẹ̀ wé ọ̀nà tó lè gbà, yóò jọ ibi tó ti wá. Ti ihò ló kù, ibi tí rọ́ọ̀dù ti gbé lọ́jọ́ gbogbo máa ń dán ju ihò yòókù lọ, kódà tí ìpẹtà bá ti bo gbogbo ẹ̀. Fi tọ́ọ̀ṣì wò ó.

OmoOlosunta
Ó dán lóòótọ́! Ihò kejì ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọlọ́run á bù kún yín.

TonaAdo
Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín látàná. Lathe ni mo ń lò, ní Àjílósùn, mo sì ń gé nǹkan kéékèèké fún àwọn tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe. N ò ṣe ìka gìtá rí ṣùgbọ́n mo lè gé e tí mo bá rí èyí tó dá. Ìbéèrè mi: kí ni kí n fi gé e? Ẹnì kan tó wà nítòsí mi ń yọ́ àlùmíníọ̀mù dà sínú yanrìn, tó fi ń ṣe ìkòkò. Ó ní òun lè tẹ ìka kan tó ṣì dáa mọ́ yanrìn, kó yọ́ mẹ́wàá jáde lẹ́ẹ̀kan náà, owó ẹ̀ á sì fúyẹ́ gan-an.

BabaOnisteel
Ọ̀gá tọ́nà, ẹ kú làákàyè. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó yọ́ ọ. Àlùmíníọ̀mù ìkòkò, afẹ́fẹ́ máa ń há sínú ẹ̀. Tí ẹ bá gé ìkòkò bẹ́ẹ̀ sí méjì, ẹ máa rí àwọn ihò tíntìntín bíi ti búrẹ́dì. Lára ìkòkò ọbẹ̀ kò sí wàhálà, lára ìka gìtá wàhálà ni, torí ibi tí okùn gbé tẹ̀ gba orí ìka náà, tí ihò tó kéré bí ojú abẹ́rẹ́ bá bọ́ síbẹ̀, okùn á máa já níbẹ̀ lójoojúmọ́. Okùn kẹta yẹn, G#, 0.011 ínṣì péré ni. Ó tẹ́ẹ́rẹ́ ju gbogbo wọn lọ, òun ni ohùn ẹ̀ sì ga jù. Ẹ wá àlùmíníọ̀mù gbọọrọ tí ilé iṣẹ́ ti tẹ̀ jáde ní líle, ẹ gé e látinú ìyẹn.

WedaIkole
Bàbá, mo gbà. Ẹ̀kọ́ ńlá lẹ kọ́ mi lórí síǹkì yẹn. Tí ẹ bá tún nílò rọ́ọ̀dù tuntun, mo ní ẹlẹ́ẹ̀tíródù stainless, tí a bá gbo èèpo ara ẹ̀ kúrò á kù irin inú.

IyaAkorin
Ó kúrú, àbúrò. Ẹlẹ́ẹ̀tíródù ò ju nǹkan bíi ẹsẹ̀ bàtà kan lọ, rọ́ọ̀dù tó ń ti ẹsẹ̀ òsì lọ sápá ọ̀tún gùn ju ìyẹn lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin wẹ́dà ní òmíràn tí kò ní èèpo, èyí tí wọ́n ń fi dí ojú stainless tí wọ́n bá ń fi gáàsì argon jó o. 2.4 mìlímítà ni nínípọn ẹ̀, mítà kan ni gígùn ẹ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá rọ́ọ̀dù gìtá dọ́gba pátápátá. Òun lèmi fi pààrọ̀ mẹ́rin lára tèmi. Kò dípẹtà.

WedaIkole
Háà! Mo ní ín nílé báyìí. Ẹ̀gbọ́n Olósùnta, méjì lọ́fẹ̀ẹ́, màá fi rán awakọ̀ Ìkọ̀lé sí Adó.

RiwaindaIlawe
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Mo mọ bàbá tẹ́ ẹ̀ ń sọ yìí, àdúgbò wa ni wọ́n wà. Ṣé gìtá yẹn ṣì ń dún tẹ́ ẹ bá so ó mọ́ áńpù?

OmoOlosunta
Kò dún rárá. Ariwo mmmmm nìkan.

RiwaindaIlawe
Ẹ fi mítà wọn wáyà méjì tó jáde látinú pickup, ìyẹn ohun tó ń gba ohùn okùn lọ sínú áńpù, ẹ tò ó sí ohm. Tó bá fún yín ní nǹkan bíi 15 sí 20 kilo-ohm, ó yè, wáyà ìta ló já. Tí kò bá gbéra rárá, wáyà inú ló já, a máa yí i láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ má gbé e fún ẹnikẹ́ni tó ń yí fáànù o, kì í ṣe pé wọn ò mọ̀ ọ́n ṣe, wáyà fáànù ló nípọn jù. Èyí tí pickup ń lò, nọ́ńbà 42, kò ju 0.063 mìlímítà lọ, bí irun orí ló rí, tí èèyàn bá mí sí i líle ó lè já. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìyípo ló sì ń gbà.

OmoOlosunta
Mo wọ̀n ọ́n: 17.4. Ó yè!!! Wáyà tó so mọ́ ibi tí wọ́n ń ki okùn áńpù bọ̀ ló ti jẹrà.

RiwaindaIlawe
Ẹ fi lẹ́ẹ̀dì lẹ̀ ẹ́ padà, ó tán.

TonaAdo
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo dé, torí iṣẹ́ yìí ti gba ọkàn mi, ìyàwó mi tiẹ̀ ní mi ò jẹun ọ̀sán mọ́. Mo lẹ ègé méjèèjì pọ̀ lórí páálí, mo fi caliper wọn ọ́n, ihò ìdí ẹ̀ tí ọ̀pá ń gbà kọjá ni mo kọ́kọ́ lu, mo wá gé ara ẹ̀ yí ihò yẹn ká, torí tí ihò ò bá dúró ṣánṣán ìka á máa fì. Àkọ́kọ́ tí mo ṣe, ó wọlé, ó dùn mọ́ mi, àfi bí mo ṣe fa ti okùn kẹrin tí ìka karùn-ún tẹ̀ lé e. Ó fún jù! Wọ́n ń gbo ara wọn. Mo fi omi sáńpépà 600 ha ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ lórí gíláàsì, díẹ̀díẹ̀, mo ń fi sí i mo ń yọ ọ́, mo ń fi sí i mo ń yọ ọ́, bíi ìgbà mẹ́sàn-án, kó tó dá rìn.

Orí ẹ̀ níbi tí okùn ń gbà, mo ṣe é róbótó, mo dán an títí mo fi ń rí ojú mi níbẹ̀. Ẹ wá wo ohun tí mo rí lára ìka kẹta tó ṣì dáa: okùn ti gé ojú ẹ̀ wọlé, kòtò kékeré báyìí, tí mo fi èékánná kọjá lórí ẹ̀ ó há. Kí n ha á kúrò?

BabaOnisteel
Ẹ ha á, ṣùgbọ́n kó má ju kòtò yẹn lọ. Ohun tó ń já okùn kẹta nìyẹn. Ẹ má yí ìrísí róbótó ẹ̀ padà, tí ẹ bá fáìlì rẹ̀ pẹlẹbẹ okùn á máa dún bíi ti ìlù tó ya.

Nọ́ọ̀tì nylon tí wọ́n ń yí láti fi tún ohùn pẹ́dà ṣe ńkọ́? Ṣé wọ́n pé?

TonaAdo
Méjì ti là, ṣùgbọ́n mo ní ọ̀pá nylon tí mo fi ń ṣe búṣì. Mo lu ihò ẹ̀ kéré díẹ̀ sí rọ́ọ̀dù, ẹsẹ̀ sìkúrúù rọ́ọ̀dù á fúnra ẹ̀ gé ọ̀nà wọlé, kò ní tú. Bell crank méjì yẹn, idẹ ni mo fi gé wọn. Ó wúwo díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ ṣùgbọ́n kò ní sán láéláé.

IyaAkorin
Ẹ̀yin èèyàn yìí, ẹ̀ ń mú inú mi dùn. Àbúrò, kó o tó to okùn, àwọn róólà kékeré lápá òsì níbi tí okùn ń gbà kọjá, rí i pé gbogbo wọn ń yí. Fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, nù ún gbẹ, kó o fi ọ́ìlì maṣíìnì ìránṣọ ẹ̀kán kan sí i. Ẹ̀kán kan o. Má fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnì, má fi gírísì, eruku ọyẹ́ á lẹ̀ mọ́ ọn, á sì di amọ̀. Tún okùn ṣe lápá òsì láìtẹ pẹ́dà, lẹ́yìn náà kó o tẹ pẹ́dà mọ́lẹ̀ kó o yí nylon lápá ọ̀tún títí ohùn òkè á fi bọ́ síbi tó yẹ. Má ṣe é lódì.

OmoOlosunta
Àná ni mo gbà á lọ́wọ́ ọ̀gá tọ́nà. Rọ́ọ̀dù wẹ́dà náà dé, ó wọlé bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Mo to okùn tán ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́, mo fi irin lé okùn kẹta, kẹrin àti karùn-ún, mo tẹ pẹ́dà kìíní. B yẹn gbéra, ó rọra gun òkè, ó dúró lórí C#. Ìyá mi tó wà ní kíṣìnì jáde wá, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọn ò sọ̀rọ̀. Wọ́n wá pe orúkọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi lẹ́ẹ̀mejì.

Ohun kan ló kù: tí mo bá jọ̀wọ́ pẹ́dà, okùn karùn-ún kì í padà sí B geere, ó máa ń lé díẹ̀. Mo ti ń tún un ṣe látàárọ̀.

BabaOnisteel
Sípíríǹgì tó ń dá ìka padà ló ti rẹ̀, tàbí kí ìka tuntun yẹn ṣì máa há díẹ̀ mọ́ ìka kẹrin. Bọ́ sípíríǹgì náà, fi wé ti okùn kẹfà, tó bá ti gùn jù ú lọ láìfà á, òun ni. Tí wọ́n bá dọ́gba, kí ọ̀gá tọ́nà tún ha ẹ̀gbẹ́ ìka yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i.

OmoOlosunta
Ó fi bíi mìlímítà méjì gùn ju ti kẹfà lọ. Òun ni o Bàbá.

BabaOnisteel
Má wá a kiri. Mo ní sípíríǹgì irú ẹ̀ nínú agolo mílíkì kan nílé, lára gìtá mi tó jókòó lọ́dún méjì yẹn ni mo ti yọ ọ́. Máa bọ̀ n'Íjerò lọ́jọ́ Sátidé, gbé gìtá náà dání kí n gbọ́ ọ. Kó o sì bá mi mú ìka tó dá yẹn wá nínú ọ̀rá ẹ̀, ó dà bíi pé tèmi tó yọ́ lọ́jọ́sí, irú ẹ̀ gan-an ni. Ọ̀gá tọ́nà, tó bá bá a mu, ẹ óò bá mi gé ọ̀kan.

TonaAdo
Ìwọ̀n ẹ̀ wà lórí páálí lọ́dọ̀ mi sà, mi ò jù ú nù. Ẹ kàn sọ fún mi.